Ibi Tí Omi Mọ́tò Láwàl Ń Lọ

Mọ́tò Láwàl tún ti ń rú èéfín láàárín ọjà Sábóngàrí.

Mọ́tò àkọ́kọ́ ládùúgbò wọn! Àwọn ọlọ́jà ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Láwàl ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi tó rọ sí i láàárọ̀ àná ti dínkù.

Ìtìjú náà di ìbínú. Ó kọjú sí Bùràímọ̀, mẹkáníìkì rẹ̀, tó ti sáré dé.

"Olè! Barawo! Ìwọ lò ń yọ́ wá da omi rẹ̀ nù, kí n lè máa padà wá bá ọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, mo ti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Mọ́tò yìí ò jò."

Láwàl pòṣé.

Nírọ̀lẹ́, ọyẹ́ ń mú. Ó gbé mọ́tò sílé, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ Bùràímọ̀.

Wọ́n ń pe ìrun màgàrìbì. Ẹnìkan ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

Bàbá rẹ̀ ni.

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ níwájú mọ́tò, ó ṣí ẹ̀rọ omi kékeré tó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń dà sínú búta àlùwàlá rẹ̀.

"Bàbá! Ṣé kò sí iná nínú ilé ni? Kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n gbé omi kaná fún yín?"

Bàbá ti ẹ̀rọ náà.

"Má bínú, ọmọ mi. Ìwọ lo ní kí n yé yọ ìyàwó rẹ lẹ́nu."