Bọ́ọ̀lù Tó Kan Ilẹ̀

Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má dúró lágbedeméjì, torí ìparí rẹ̀ ló dùn mí jù.

1. Olúwaṣìkẹ́mi ará Ìkòtún ni kípà ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Kípà ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn igi mẹ́ta pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ńlá. Bí bọ́ọ̀lù bá fara kan pátákó tí alátakò fi ń gbá a, tí kípà sì gbá a mú kó tó kan ilẹ̀, alátakò náà ti jáde nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ni Ṣìkẹ́mi fi wà nípò náà kí Àdíját ará Ìgandò tó dé. Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà, tó tún fún un ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti máa ń pàdé kí wọ́n tó jọ lọ sí pápá.

Kóòṣì wá kéde pé: "Kípà kan ṣoṣo ló ń bá wa lọ sí Rùwáńdà. Eré Sátidé ló máa sọ ẹni náà."

Láàárọ̀ Sátidé, Àdíját ń ṣàwàdà nínú mọ́tò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì fọwọ́ kan búrẹ́dì yín. Àbí ẹ̀rù mi ń bà yín ni?"

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ìlóṣòó? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre." Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

2. Wọ́n pín ikọ̀ sí méjì. Nígbà tó kan Ṣìkẹ́mi láti gbá bọ́ọ̀lù, àmì mọ́kànlá péré ló rí gbà. Àdíját ti gba méjìdínlógójì, ó sì ṣì ń gbá a lọ. Lójijì, bọ́ọ̀lù ha etí pátákó rẹ̀, ó já wálẹ̀, ó kan ilẹ̀, eruku fò, kó tó wọnú ìbọ̀wọ́ Ṣìkẹ́mi.

Ó gbé e sókè. Réfírì ò rí i dáadáa, kò sì sí kámẹ́rà ní pápá wọn. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kípà ni wọ́n máa ń bi, ohun tó bá sọ ni wọ́n á gbà.

"Kípà, ṣé ọwọ́ rẹ ló kọ́kọ́ bọ́ sí?"

Ṣìkẹ́mi wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà.

"Ọwọ́ mi ni."

Àdíját wò ó. "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ní ọwọ́ wọn ni, ọwọ́ wọn náà nìyẹn." Ó rọra ń rìn jáde, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Títí, olórí ikọ̀, wà nítòsí. Ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì ń wo bàtà rẹ̀. Èmi ò ní parọ́ fún yín: Títí náà jẹ̀bi.

Kóòṣì ní gbígbá bọ́ọ̀lù mú ni iṣẹ́ kípà, kì í ṣe àmì; orúkọ Ṣìkẹ́mi ni wọ́n pè.

3. Ní Rùwáńdà, àmì méjì ló kù kí àwọn alátakò borí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù tí Nàìjíríà máa lé jáde kó lè borí. Bọ́ọ̀lù ha etí pátákó. Ṣìkẹ́mi fò, ó na ìka, ó gbá a mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kan ilẹ̀ rárá.

Ara rẹ̀ ló bo bọ́ọ̀lù, réfírì ò rí i. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀ náà, olórí ikọ̀ ni wọ́n sì máa ń bi níbẹ̀, ni réfírì bá yíjú sí Títí tó wà nítòsí. "Olórí ikọ̀, kí lẹ rí?"

"Títí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọwọ́ mi ni," Ṣìkẹ́mi bẹ̀ ẹ́.

"Ohun tó o sọ lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn," Títí fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó kọjú sí réfírì. "Mi ò lè jẹ́rìí sí i."

Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣeré lọ. Alátakò gbá bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e dé etí pápá, àmì mẹ́rin nìyẹn. Nàìjíríà pàdánù.

4. Kóòṣì bi Títí ìdí tí kò fi jẹ́rìí, Títí sì jẹ́wọ́ ohun tó rí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n yọ Ṣìkẹ́mi kúrò nínú ikọ̀. Ó wá gba Ìgandò lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó kọ́ níṣẹ́.

Àdíját fà á dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí eruku yẹn. Ẹ ò rí i pé mò ń rọra rìn lọ́jọ́ náà? Mò ń retí kí ẹ pè mí padà ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tí ẹ rẹ́ jẹ lè ṣì máa rọra rìn lọ. Ẹ pè é padà kó tó dé etí pápá. Ẹ̀yin tí ẹ rí ìrẹ́jẹ tí ẹ sì ń wo bàtà, ẹ gbójú sókè. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora.