Ọmọ Tí Wọ́n Fẹ́ Wọ̀n Lẹ́ẹ̀mejì ní Tayi

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Adétóun jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Minna. Tayi Village ló ń gbé. Akínladé ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí Kontagora. Lójú Adétóun, kò sí ìyá tó mọ ọmọ tọ́jú tó òun. Bí òbí kan bá gbé ọmọ tó rù wá sí kíláàsì, ojú gbogbo èèyàn ni yóò ti sọ fún un pé, "Màdáámù, ẹ wo egungun ọmọ yín. Ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?" Ìyá ọmọ á dorí kodò.

Nígbà tó yá, ó kan Jọláolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Kété tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú ni ìgbẹ́ gbuuru mú un. Nígbà tí ìyẹn dáwọ́ dúró, kò fẹnu kan nǹkan mọ́ àfi ògì. Irun rẹ̀ pọ́n. Apá rẹ̀ di tín-ín-rín. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá wú, Adétóun sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ti ń sanra nìyẹn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ̀. Ó wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún un nínú ooru, kò sì gbé e jáde mọ́. Ọsibítù ńkọ́? Lójú tirẹ̀, àwọn òbí tí ojú ti tì ló ń lọ síbẹ̀. Kò gbé e lọ.

2.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́, Hibatullah gbé Muneer ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ Ìlọrin ni Hibatullah, ògiri kan ló sì ya ilé òun àti Adétóun. Ẹgbẹ́ ni Muneer àti Jọláolúwa, ṣùgbọ́n Muneer sanra dáadáa.

"Mọ́mì Jọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un kí n sáré pọnmi dé."

Kò pẹ́ tó lọ ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù, tó fi káàdì kọ́rùn, ló dúró síbẹ̀. "Sannu, mà," ó ní. Nígbà tó mọ̀ pé Yorùbá ni Adétóun, ó yí èdè padà. Labibah lorúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí kíákíá lórí ìlera àwọn ọmọdé. Ilé díẹ̀ péré làwọn ń wọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn bá sì rí níbẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ ibi tí oúnjẹ àti oògùn yẹ kó lọ.

"Ṣé ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún?"

"Mo ní ọ̀kan."

"Ẹ jẹ́ kí n wọn apá rẹ̀."

Jọláolúwa ń sùn nínú yàrá. Muneer ló jókòó sórí ẹní, tó ń fi ṣíbí lu ilẹ̀. Adétóun wo ìhín, ó wo ọ̀hún, ó sì gbé Muneer.

"Òun nìyí. Jọláolúwa."

Labibah wé okùn pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ọmọ náà lápá. Àwọ̀ ewé ló bọ́ sí. "Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ara ọmọ yín dá."

Ìyìn yẹn dùn mọ́ Adétóun bíi pé òun ló ni ín.

3.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí àwọn aṣèwádìí yìí bá jáde nínú ilé kan, ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ súnmọ́ ọn jù lọ ni wọ́n ń wọ̀ tẹ̀ lé e. Labibah ṣì ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù níta nígbà tí Hibatullah dé, tó gba ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láìpẹ́, Adétóun gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé kì í ṣe Jọláolúwa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n nìyí?"

Hibatullah rẹ́rìn-ín. "Jọláolúwa kẹ̀? Haba. Muneer mi nìyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí Jọláolúwa gbẹ̀yìn."

Adétóun fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó tiẹ̀ ti di kọ́kọ́rọ́ mú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti dé.

"Mà, mi ò wá bá yín jà," Labibah ní. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ tiyín."

"Wọ́n á ní èmi tí mò ń bá àwọn ìyá wí..." Adétóun ní.

Hibatullah dì í lọ́wọ́ mú. "Mọ́mì Jọlá, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó ti ṣe ẹ̀gbọ́n Muneer náà rí. Ẹ gbé e wá."

Ó gbé e wá. Labibah bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ tó wú náà. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn sínú, kò sì padà sípò. Okùn tó wé mọ́ apá rẹ̀ bọ́ sí pupa.

"Àìjẹunrekánú ló wú ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, mà. Ọsibítù lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la."

4.

Hibatullah pọn Muneer, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì bá wọn lọ. Dókítà ní bí wọ́n bá tún fi falẹ̀ díẹ̀, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́. Wọ́n gba ọmọ náà sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ń fún un ní wàrà díẹ̀díẹ̀. Jọláolúwa ò sunkún, ó kàn ń wo òkè. Ìdákẹ́ yẹn ló ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù. Akínladé ti Kontagora dé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kò bá a wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì gbé ife kúrò lẹ́nu ọmọ náà kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Jọláolúwa na ọwọ́ sí ife náà, ó sì figbe ta.

"Ẹ má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹkún oúnjẹ nìyẹn."

Adétóun ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Akínladé jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, ẹsẹ̀ tó wú ti lọ sílẹ̀. Labibah wá kí wọn. Adétóun bi í bóyá orúkọ òun wà nínú ìwádìí náà.

"A kì í gbé orúkọ ẹnikẹ́ni jáde, mà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ìyá bá ṣe bíi tiyín, wọ́n á ní kò sí ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ ní Tayi. Oúnjẹ tó yẹ kó wá síbí á sì gba ibòmíràn lọ."

Ẹ̀yin òbí, Ọlọ́run yọ Adétóun. Jọláolúwa ti ń sáré ká inú ọgbà báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá ni aṣèwádìí máa padà wá bá. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ sọ òtítọ́, ẹ sì gbé ọmọ yín jáde bó ṣe rí. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú pa tiyín. Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ.