Ojú Ọ̀tá Inú Géèmù

"Ẹ wo ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi!" Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe gún ọ̀tá kan nínú géèmù, ó sì yí ọ̀bẹ náà po. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n gbá a létí títí etí òsì fi di. Òní ni ẹ̀gbọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì òun.

"Àwòrán rẹ̀ rí págunpàgun. Ṣé èèyàn lò ń gún ni, àbí àkísà?"

"Káàdì àwòrán tuntun tí mo fi sínú kọ̀ǹpútà yìí á ya àwòrán ní ìlọ́po mẹ́rin, á wá fún un pọ̀ kó lè dán." Ó ti tẹ bọ́tìnnì kó tó rántí ojú tó yà fún ọ̀tá náà.

Àwòrán náà mọ́ kedere: ojú ẹ̀gbọ́n ni, tòun ti àpá iwájú orí.

"Ibo lo máa ń gún mi sí?"

"Ọrùn, sà."

Ẹ̀gbọ́n gba máòsì, ó darí ọ̀bẹ sí ọrùn àwòrán ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.