Dígí Orí Dùùrù

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa orin o; bí mo bá kọrin nílé, ológbò wa a dìde, a bọ́ síta. Ṣùgbọ́n mo mọ agbéraga bí mo bá rí i. Ọ̀kan nínú wọn ni atẹdùùrù kan tí ìjọ rẹ̀ sọ ní Ọlọ́wọ́-Idán. Àléébù rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ni atẹdùùrù ń kọ sí ìjọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé dígí kékeré kan sórí dùùrù, kó lè máa wo àwọn tó kúnlẹ̀ gba ara Olúwa, kó máa tẹ orin jẹ́jẹ́ títí ẹni ìkẹyìn á fi dìde. Ọlọ́wọ́-Idán yí dígí sí ojú ara rẹ̀. Ó fẹ́ máa rí bí ọrùn òun ṣe ń mì bíi ti àkùkọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣí ìwé orin. "Olówó orí mi, èèyàn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀."

"Èmi kì í ṣèèyàn ni?"

Ó wá gbọ́ pé ìjọ ńlá kan, tí dùùrù wọn ga dé àjà, ń wá atẹdùùrù, pé obìnrin kan yóò wá gbọ́ òun lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń wá irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó ra bàtà tuntun. Ta ní í wo ẹsẹ̀ atẹdùùrù? Ó ṣáà rà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí orúnkún ń dùn, bẹ̀ ẹ́. "Ọkọ ọmọ mi, jọ̀ọ́, rọra tẹ̀ ẹ́ lónìí. Látìgbà tí bàbá ìyàwó rẹ ti kú, mi ò tíì gba ara Olúwa. Mo fẹ́ gbàdúrà."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orí yín á wú."

"Mi ò ní kí orí mi wú."

Nígbà tí ara Olúwa kàn, orin náà kọ́kọ́ ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ló bá rántí àlejò. Ó fi ọwọ́ kún un, ó fi ẹsẹ̀ kún un, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn kan ń gbọn èjìká lọ síbi pẹpẹ. Àlùfáà ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ nìkan là ń rí. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Màmá aránṣọ gba tirẹ̀ tán, orúnkún kọ̀. "Ẹ fà mí dìde," ló ń wí. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá ò gbọ́. Ìyàwó fọwọ́ kan ọkọ léjìká: "Màmá ò lè dìde."

"Ṣí ìwé," ló fèsì, ojú rẹ̀ nínú dígí.

Ìyàwó fi ìwé sílẹ̀, ó sáré lọ. Obìnrin àjèjì kan ti ṣáájú rẹ̀ gbé màmá dìde. Ìwé ò ṣí mọ́, Ọlọ́wọ́-Idán ṣìnà nínú orin, dùùrù ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Lẹ́yìn ìsìn, ó sáré bá àjèjì náà. Ẹni tó ń retí ni. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa?"

"Mo gbọ́. Àwọn tó wà lójú títì náà gbọ́. Ọ̀gá, ẹni tó ń wo pẹpẹ là ń wá. Nígbà tí màmá yìí wà nílẹ̀, ta lẹ rí nínú dígí?"

Ipò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, àlùfáà ní kí ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ̀ ju orin mẹ́ta lọ, máa tẹ dùùrù nígbà ara Olúwa. Ọlọ́wọ́-Idán ló ń bá a ṣí ìwé báyìí, pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Màmá aránṣọ ní ó ti pẹ́ tóun ti gbọ́ àdúrà ara òun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orin tí a ń tẹ nígbà ara Olúwa dà bí ẹní tí a tẹ́ fún ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀: orúnkún rẹ̀ ló wà fún. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí a bá fi iṣẹ́ ìsìn lé lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣe é fún ni kó máa wò. Ìwọ ńkọ́, ta ló wà nínú dígí tìrẹ?