Àmì Kan Péré Lórí Písà Kíámọ́sá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí ẹni tó bá kà á dé ìdajì á dá onípísà lẹ́bi, bí gbogbo àdúgbò ṣe kọ́kọ́ dá a lẹ́bi.

1. Ọjọ́ tí gáàsì tán

Aṣọ akọrin méjìlélógún ni wọ́n ń bọ̀ wá kó láago márùn-ún. Aago méjìlá ti lù, mẹ́jọ nínú wọn kò tíì ní bọ́tìnnì. Ìgbà yẹn gan-an ni gáàsì yàn láti tán, omi inú ìkòkò kò tíì hó.

Obìnrin aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán an, Kíámọ́sá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Yóò ti gé aṣọ mẹ́ta tán kí ẹlòmíì tó rí sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ránṣọ, ẹ̀rọ méjì kojú síra wọn. Kíámọ́sá ló tọ́ àbúrò yìí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Àbúrò ló sì ń tú ohun tí ẹ̀gbọ́n bá sáré rán wọ́, tó ń tún un rán.

Ohun kan ṣoṣo ni ara àbúrò yìí kò gbà: ẹ̀pà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ẹyọ kan péré sọ ọ́ dèrò ọsibítù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa mí o. Abẹ́rẹ́ kan ti di méjì lójú mi."

"Èmi ńkọ́, òkúta ni mo jẹ? Jẹ́ ká ra písà lọ́wọ́ ọkùnrin igun òpópónà yẹn. Wọ́n ní ó ń gbé e wá bá èèyàn nílé."

"A ò tíì jẹ tiẹ̀ rí. Mo sì gbọ́ pé ó máa ń fi ẹ̀pà lílọ̀ sábẹ́ wàràkàṣì fún ẹni tó bá fẹ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́? Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n sáré lọ ọsibítù?"

2. Àtẹ̀jíṣẹ́

Ẹsẹ̀ Kíámọ́sá wà lórí ẹ̀rọ, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí fóònù. Ohun tó tẹ̀ nìyí: "adiye nla 1, e ma fi epa si, kia."

Àbúrò rẹ̀ yọjú wò ó. "Ẹ ò fi àmì sí i. Ẹ kúkú pè é, kí ẹ fẹnu sọ ọ́."

"Àmì kọ́, àmín ni! Ṣé olùkọ́ èdè ló ń dáná níbẹ̀ ni?"

Fóònù kùn. Kíámọ́sá kò kà á. Ó tẹ "Ehn," ó dojú fóònù délẹ̀, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

3. Ẹ̀là kan

Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí ọkùnrin alùpùpù fi gbé e dé. Páálí náà gbóná, wàràkàṣì ń fà bí okùn, òórùn ata àti àlùbọ́sà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn nípa ẹ̀pà?" ni àbúrò bi í.

"Mo ti sọ fún wọn. Jẹun jàre, bọ́tìnnì ń dúró dè ọ́."

Nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́, ó jẹun.

Ẹ̀là písà kan kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ di ọ̀fun mú. Ètè rẹ̀ wú. Ó fẹ́ pe "Ẹ̀gbọ́n," ṣùgbọ́n ohun tó jáde dà bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Ó ṣubú lu òkìtì aṣọ akọrin, bọ́tìnnì fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Kíámọ́sá gbé e pọ̀n. Àgbàlagbà ni àbúrò yìí o, ó gbé e pọ̀n bíi ti àtijọ́, ó ń sáré, ó ń ké.

4. Níwájú onípísà

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ṣì wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí ní ọsibítù. Kíámọ́sá já wọ ṣọ́ọ̀bù písà, èrò tẹ̀lé e.

"Apànìyàn! Mo ní ẹ má fi ẹ̀pà sí i! Ẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ ìyá!"

"Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa!" èrò ń pariwo.

Onípísà kò bínú. Ó ṣí fóònù, ó gbé e síwájú Kíámọ́sá. "Àǹtí, ẹ wò ó. Mo kà á sí pé kí n máa fi ẹ̀pà sí i. A kì í fi sí i àfi tí wọ́n bá béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, mo bi yín."

Kíámọ́sá wo ìsàlẹ̀ ohun tó tẹ̀. Ìbéèrè onípísà wà níbẹ̀: "Ṣé kí ẹ̀pà yẹn pọ̀ dáadáa?"

Abẹ́ rẹ̀ ni ìdáhùn wà: "Ehn."

Ẹnì kan sọ pé "Ha!" Kíámọ́sá ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

5. Báyìí

Ọjọ́ kẹrin ni àbúrò tó lè sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ló béèrè: "Ṣé ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ onípísà yẹn kí ẹ tó dá a lóhùn?"

Kíámọ́sá, tí ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́, kàn mi orí pé rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí èèyàn, ẹ má fi àtàǹpàkò sáré sọ ọ́. "Má" àti "máa" kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ fi àmì sí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n bi yín kí ẹ tó dáhùn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ pè wọ́n. Ẹ sì má pariwo olè lé ẹnikẹ́ni lórí kí ẹ tó wo ọwọ́ ara yín.

Àbúrò wà láàyè. Ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú báàgì tirẹ̀ ló ti ń mú oúnjẹ rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ kejì ṣì kojú sí ti Kíámọ́sá. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó.