Ewé Tí Kò Ní Kókó

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ má fò ó.

1.
Aránṣọ kan wà tí àdúgbò ń pè ní Àǹtí Fèrèsé, nítorí pé òdòdó ti gba gbogbo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Filodẹ́ńdírọ́nì, òdòdó eléwé gbòòrò tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò, ni gbogbo wọn. Òmíràn ń gun igi, òmíràn ń fà sílẹ̀ bí irun orí. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ewé rẹ̀ pín sí méjì: apá kan funfun báláú, apá kejì dúdú minimini.

Kò rà á. Oníbàárà kan ló gé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́, igi tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbèrú, tí àwọn èèyàn ń dúró wò ó lójú ọ̀nà, orí Àǹtí Fèrèsé wú. Ó ní òun nìkan lòun máa ní in.

Àbúrò rẹ̀ wá. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì dàgbà sí lẹ́yìn tí ìyá wọn kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gé díẹ̀ fún mi nínú eléyìí."

Ojú ti Àǹtí Fèrèsé láti sọ pé rárá. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ewé kan, kò mú kókó ara igi mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òdòdó yìí mọ̀ pé ibi kókó yẹn ni ọmọ ti ń yọ. Ewé tí kò ní kókó lè ta gbòǹgbò nínú omi, kó máa wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní hu ewé kejì láyé.

"Fi sínú omi. Máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Ó máa ń pẹ́."

Bí àbúrò ṣe yíjú padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

2.
Oṣù márùn-ún ni àbúrò fi ń pààrọ̀ omi. Nígbà tó sú u, ó gbé ìgò tí ewé náà wà nínú rẹ̀ lọ bá bàbá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Bàbá náà gbé e sókè, ó wò ó.

"Ta ló fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ mọ òdòdó gbìn?"

"Mi ò mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbìn tó o."

Bàbá dá ìgò padà fún un. "Ó mọ ohun tó ṣe nígbà náà. Èyí ò ní hu."

 Àbúrò gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó bá a tó ń wọn oníbàárà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó gé igi tó ní kókó mẹ́ta lára òdòdó funfun náà, ó fi sábẹ́ ìborùn, ó lọ. Ẹ má rò pé mò ń gbè é lẹ́yìn. Olè ló jà.

3.
Nígbà tí Àǹtí Fèrèsé rí ojú ọgbẹ́ lára òdòdó, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ lọ. Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀. Ó rìn dé ilé àbúrò, ó gun àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Igi náà wà nínú ìgò lójú fèrèsé.

Ìgbátí ló fi kí àbúrò. Ìkejì tẹ̀ lé e.

"Olè. Èmi tí mo pọ̀n ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tàn mí."

Ó di irun àbúrò mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Ó yà sójú fèrèsé, ó ń gé gbogbo òdòdó tó wà níbẹ̀, ìkòkò ń fọ́ sílẹ̀. Àbúrò gbá ìgò mọ́ àyà. Ó fà á, àbúrò ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ló bá ju ọwọ́ tí àlùmọ́gàjí wà nínú rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà á ni. Ẹnu àlùmọ́gàjí wọ ojú ọ̀tún àbúrò.

Ìgò bọ́, ó fọ́. Àǹtí Fèrèsé rí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba àárín ìka ọmọ ìyá rẹ̀ ṣàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa igi náà nílẹ̀, ó sì sá lọ.

Ẹ tún un kà. Igi ló ṣà.

4.
Jórinjórin ni ọkọ àbúrò, èèyàn jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́yàwó, kò pe Àǹtí Fèrèsé ní "ìwọ" rí. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ojú náà ti lọ, ó padà síbi iṣẹ́, ó mú ọ̀pá irin kan. Ọ̀sán gangan ló wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Jáde síbí. Ìwọ ni mò ń bá wí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Ó fọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó lu maṣíìnì ìránṣọ títí orí rẹ̀ fi ya. Ó ń lu ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ ń ta sára ògiri. Nígbà tó gbé irin sókè sí òdòdó funfun yẹn, Àǹtí Fèrèsé na ọwọ́ ọ̀tún bò ó. Kò sẹ́ni tó ní kó nawọ́. Irin ti ń bọ̀. Egungun ìka mẹ́rin fọ́ mọ́ igi òdòdó. Ọkùnrin náà tún là á mọ́ ọn léjìká, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn, kí àwọn mẹkáníìkì òdìkejì tó rọ́ wọlé, tí wọ́n gbé e ṣubú, tí wọ́n sì jókòó lé e.

Wọ́n gbá òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ẹni tó rí èyí tó ní kókó mú un lọ sílé. Lónìí, ó lé ní ilé mẹ́wàá tí ewé funfun yẹn ń fà lójú fèrèsé wọn.

5.
Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ni adájọ́ fún jórinjórin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọdún méjì ni ti Àǹtí Fèrèsé. Ìbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbúrò tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ ló bẹ̀bẹ̀ fún un.

Nígbà tí Àǹtí Fèrèsé jáde, ọwọ́ rẹ̀ ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

"Dárí jì mí."

Àbúrò ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde nílẹ̀. Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹ ò fẹ́ fún mi ni, mo máa bínú díẹ̀, mo máa lọ sílé, ó parí."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ ò bá fẹ́ fúnni, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́. Ẹ má fi ẹ̀tàn tu ọmọ ìyá yín lójú. Bí inú bá sì ń bí yín, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń bínú síra. Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.