Ẹní Ìdí Ọ̀pẹ

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà; ìdí ọ̀pẹ ló jókòó sí, lọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété.

Òkété tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó ń fi ẹkùrọ́ pamọ́ sí ọwọ́ kan, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ọwọ́ tí ẹkùrọ́ wà. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ṣì í mú, ẹkùrọ́ tirẹ̀ lọ nìyẹn, Ọ̀kẹ́rẹ́ a sì dárin:

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, mò ń lọ ilé,
Jáńtó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi gbogbo ẹkùrọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kó pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn ta tẹ́tẹ́ tán. Ebi ń pa ọmọ. Ìyàwó lọ bá Òkété: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹní yìí.”

Ó ti rẹ Òkété náà. Ó kó gbogbo ẹkùrọ́ náà fún Ọ̀kẹ́rẹ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kó máa lọ ilé.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Ó ní, “Ẹni tó rí gbogbo èyí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ jí lónìí.” Ó bá yí padà, ó ń kọrin bọ̀:

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, mò ń lọ ilé,
Jáńtó.

Ó bá Òkété lórí ẹní. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì ká a?”

Òkété mí kanlẹ̀. “Ìyàwó rẹ bẹ̀ mí kí n ká a. Mo ní kó jẹ́ kó o kọ́kọ́ délé ná.”